Bàlúù Olókùn Kékeré: Àwọn Tí Mo Fẹ́ràn àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Fò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó síwájú, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Bàlúù tó wà lọ́wọ́ mi yìí, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n kí n tó wọlé. Gíráàmù 160 ni. Fóònù tó wà nínú àpò ọ̀pọ̀ nínú yín wúwo jù ú lọ. Ẹ wo etí apá rẹ̀ ti òsì: wáyà tínínrín méjì yọ jáde níbẹ̀. Ibẹ̀ ni màá so okùn mọ́, okùn tó gùn tó mítà 10. Èmi á dúró ní àárín pápá, òun á máa yí mi ká. Kò sí rédíò nínú rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ọrùn ọwọ́ mi bá ṣe ni ìrù rẹ̀ ń ṣe, lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan máa ń wò ó bí ohun ìṣeré ọmọdé. Ọmọdé lè fi ṣeré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kan bàlúù olókùn, ńlá àti kékeré, ohun kan ṣoṣo ni mo sì wá bá yín sọ lónìí: nínú àwọn kékeré, èyí tó bá ń fò dáadáa, ìwọ̀n rẹ̀ àti okùn rẹ̀ ló ń mú un fò bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbà á, torí ẹ́ńjìnnì ló ń pariwo, òun ni ojú sì ń kọ́kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ná, ká lè jọ máa lọ. Ní àárín apá bàlúù, irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀, onígun mẹ́ta, tí wọ́n fi bóòtì kan dè tó fi lè yí síwá sẹ́yìn. Bellcrank ni wọ́n ń pè é. Okùn méjì tó ti ọwọ́ mi wá dé igun rẹ̀ méjì. Láti igun kẹta, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ dé ìdí ìrù, ó sì di pátákó kékeré kan mú níbẹ̀, èyí tí èmi ń pè ní ewé ìrù. Bí mo bá gbé ọrùn ọwọ́ sókè, okùn kan á fà, èkejì á tẹ̀lé e lọ, bellcrank á yí, ewé ìrù á gbéra, imú bàlúù á sì kọjú sókè. Bí mo bá tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, imú á kọjú sílẹ̀. Ó tán. Kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì, torí okùn ti dì í mú. Ẹ fojú inú wo igbá ńlá kan tí a dojú rẹ̀ dé sórí pápá, tí mo sì dúró sí àárín rẹ̀ nísàlẹ̀. Ara igbá yẹn nínú ni bàlúù náà ń rìn. Ó lè rìn ní etí igbá lẹ́bàá ilẹ̀, ó lè gun un dé òkè pátápátá, ó lè ta òkìtì lára rẹ̀, ó lè dojú dé kó máa kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀. Ibi tí kò lè dé ni ẹ̀yìn igbá.

Ẹni tí òòyì máa ń kọ́, ẹ má bẹ̀rù. Bàlúù ni kí ẹ máa wò. Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ má sì wo igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òòyì á fi yín sílẹ̀.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan èyí? Ọ̀rọ̀ náà ti dé kóòtù rí. Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Oba St. Clair. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kọ ọ́, àfi bíi pé ẹnì kan kọ ọba tí kò fi àmì sí i, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi lè kúrò lọ́kàn mi. Ní 1937 ó kan bàlúù kan tó pè ní Miss Shirley, ó sì fi okùn darí ìrù rẹ̀ láti ilẹ̀. Nínú ìpínlẹ̀ kan náà, ní ìlú Portland, Jim Walker ní ilé iṣẹ́ bàlúù kékeré tó ń jẹ́ American Junior. Walker ló gbé e dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Bàlúù rẹ̀ tó ń jẹ́ Fireball jáde ní 1940, ó sọ ọgbọ́n okùn náà ní U-Control, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lé e lórí pé òun ló ni ín. Ó mọ bàlúù í wà, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Níwájú èrò ló ti máa ń wa mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ẹ̀kẹta so mọ́ orí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yẹn gbé òun àti Leroy Cox ti California dé kóòtù. Cox ń ta ẹ́ńjìnnì àti bàlúù olókùn tirẹ̀. St. Clair wá jẹ́rìí pé òun ti ṣe é kí Walker tó ṣe é, kóòtù sì fagi lé ẹ̀tọ́ Walker. Láti ìgbà náà, okùn di ti gbogbo èèyàn. Èmi ò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ẹni tó kọ́ ayé, àti ẹni tó mú un dé ọwọ́ ọmọdé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe, àwa tó wà níhìn-ín sì jẹ nínú ti gbogbo wọn.

Bàlúù kékeré tí mo ń sọ kò lè wáyé bí kò bá sí plọ́ọ̀gì kan tí Ray Arden gbé jáde ní 1947. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ń lo iná mànàmáná láti fi ta pàrà, ìyẹn ni pé bàlúù gbọ́dọ̀ gbé bátìrì àti kọ́ìlì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹrù wo ni bàlúù gíráàmù 160 fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀? Plọ́ọ̀gì ti Arden ní wáyà tínínrín kan nínú. Ẹ fi bátìrì kàn án títí wáyà náà á fi pọ́n, ẹ́ńjìnnì á gbà, ẹ ó yọ bátìrì sílẹ̀. Iná inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò máa mú kí wáyà náà pọ́n lọ títí epo á fi tán. Bátìrì kò ní láti gòkè mọ́.

Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Half-A ti jáde, àwọn bàlúù tí àyè inú ẹ́ńjìnnì wọn kò ju 0.05 íǹṣì onígun (cubic inch) lọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni 0.049, ìyẹn síísíì (cc) 0.8. Ṣíbí tíì kan máa ń gba bíi síísíì 5, nítorí náà inú ẹ́ńjìnnì yìí kò gba tó ìdá kan nínú márùn-ún ṣíbí tíì. Ẹ́ńjìnnì Babe Bee ti Cox, tó jáde ní 1956, ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Táńkì epo rẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, ara kan náà ni wọ́n, kò ní rọ́bà epo tó ń já, kò ní ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà wọlé. Epo síísíì 5 ló ń gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ìyẹn, ó sì tó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, torí ọrùn ọwọ́ á ti máa rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá ń ké, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ń yí ju ìgbà 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ oyin, ẹni tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè kò ní bi wọ́n ní ìdí.

Epo rẹ̀ kì í ṣe pẹtiróòlù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, wọ́n po òróró kásítọ̀ mọ́ ọn àti nitromethane. Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré fẹ́ràn nitromethane gan-an. Bí kò bá tó nínú epo, wọ́n á máa kọsẹ̀ bí ẹni tó ń sín. Òróró kásítọ̀ náà ṣe kókó, torí òun ló ń dáàbò bo irin nínú ooru bẹ́ẹ̀. Ẹ máa nu ẹ́ńjìnnì yín lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe tán, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí òróró yẹn bá gbẹ mọ́ inú rẹ̀, á dì bí oje igi, ẹ ò sì ní lè yí i mọ́ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan wà tí Babe Bee máa ń ṣe tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ewé irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló ń ṣílẹ̀kùn epo fún un, kò sì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ó lè gbiná kó máa yí sẹ́yìn. Mo ti ṣe é rí: ẹ́ńjìnnì ń ké dáadáa, mo fi ọwọ́ sọ fún ọmọ tó bá mi di bàlúù mú pé kó jọ̀wọ́ rẹ̀, bàlúù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrù rìn lórí ilẹ̀. Okùn lọ́ mọ́ ara wọn, ọ̀kan ká mọ́ abẹ̀bẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ lókèèrè díẹ̀ kí n mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi kí n tó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn bàlúù gan-an.

PT-19 ti Cox ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kọ́ṣẹ́. Oníke ni, wọ́n ṣe é bíi PT-19 ti Fairchild tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń kọ́ awakọ̀ òfurufú. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ wú mi lórí títí dòní: rọ́bà ni wọ́n fi so apá mọ́ ara, rọ́bà ni wọ́n fi so àwọn ẹ̀yà yòókù. Bó bá já lulẹ̀, kì í fọ́, ńṣe ló máa ń tú ká. Ẹ ó ṣà á jọ, ẹ ó tún fi rọ́bà dì í, ó di fífò. Ẹni tó ronú kan ìyẹn mọ ọmọdé dunjú. Bó ṣe ń fò ńkọ́? Ó ń fò geere, ní ọ̀nà kan, bí ọkọ̀ ojú irin. Ó wúwo, apá rẹ̀ kéré sí ìwọ̀n rẹ̀, ó fẹ́ràn kí ẹ jẹ́ kó máa yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní gíga èjìká. Bí ẹ bá ní kó gòkè díẹ̀, á gòkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi í ta òkìtì. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, torí kò sí bàlúù mìíràn tó ń dárí ji ẹni tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ti Scientific, ilé iṣẹ́ kan ní New Jersey, ni tèmi àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn. Wọ́n ti fi balsa, igi tó fúyẹ́ gan-an, gbẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní abala méjì, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹ ó fi bébà oníyanrìn ha á títí á fi dán. Apá rẹ̀ jẹ́ pátákó balsa kan ṣoṣo, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 46 láti etí dé etí. Ó rẹwà. Bí ẹ bá kùn ún tán, tí ẹ gbé e sórí tábìlì, ojú ò ní fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Lókè, ó ń sáré ju bí ẹ ṣe rò lọ, okùn rẹ̀ sì ń le dáadáa ní ìsàlẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fà á sókè, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sókè, kò sì mọ ìgbà tí yóò yí padà. Mo fọ́ méjì kí n tó jókòó ṣe ìṣirò ohun tó ń fà á. Ìṣirò náà ni mo fẹ́ fi hàn yín, torí òun ló yí ojú tí mo fi ń wo bàlúù padà.

Ẹ mú bébà, ẹ ya àwọn àpótí sí i, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ gbé apá bàlúù lé e, ẹ ka iye àpótí tó bò. Apá bàlúù pátákó yẹn bo àpótí mẹ́rin àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Bó bá wọn gíráàmù 140, bíi gíráàmù 30 ni àpótí kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ wá wo èyí tó wà lọ́wọ́ mi: gíráàmù 160, ó tilẹ̀ wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ bo àpótí 12. Bíi gíráàmù 13 ni àpótí kan ń gbé níbẹ̀.

Nígbà tí bàlúù bá ń ta òkìtì, apá rẹ̀ ló ń fà á yí. Bó bá ń sáré sí i, apá á lágbára sí i, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ń sáré sí i náà ni yóò ṣe máa ṣòro sí i láti yí. Àwọn méjèèjì ń pọ̀ bákan náà, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù tó ń sọ bí òkìtì ṣe máa tóbi tó ni ìwọ̀n tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń gbé, àti bí apá náà ṣe mọ afẹ́fẹ́ mú tó. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ìyára kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i kí bàlúù yín lè ta òkìtì kékeré, ibi tí kò sí ni ẹ ń wá a.

Bí mo ṣe ṣe é, tí mi ò ka fífà ilẹ̀ mọ́ ọn, ti ọwọ́ mi yìí lè ta òkìtì tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ sí etí rẹ̀ jẹ́ mítà 2 lé díẹ̀. Ti pátákó, tí apá rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ tí kò sì mọ afẹ́fẹ́ mú bí apá tó nípọn, ń fẹ́ mítà 7. Ẹ wá gbé òkìtì mítà 7 sínú igbá mítà 10. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, òkè rẹ̀ máa kan òkè orí mi gan-an. Kò sí àyè kankan tó kù. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀ láti fà á, ilẹ̀ ló máa gbà á. Nítorí náà, kì í ṣe pé ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n wà nígbà yẹn. Bàlúù náà ló ń béèrè igbá tó tóbi ju èyí tí mo fún un lọ.

Ìyẹn ló mú mi fẹ́ràn Baby Flite Streak. George Aldrich, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó mọ bàlúù olókùn jù, ló ya Flite Streak, ilé iṣẹ́ Top Flite sì tà á. Baby ni àbúrò rẹ̀ tó ń lo 0.049. Ara rẹ̀ jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ, kò sí ohun ọ̀ṣọ́ kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e fò, ẹ ó mọ̀. Ó ń gbọ́ràn. Ẹ fà á díẹ̀, ó gòkè díẹ̀. Ẹ dúró, ó dúró. Ọ̀pọ̀ bàlúù kékeré máa ń ta gìrì bí ẹ bá fọwọ́ kan wọn, ọwọ́ yín á sì máa gbọ̀n pẹ̀lú wọn. Èyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń fò ní ìdojúdé, níbi tí gbogbo nǹkan ti yí padà lọ́wọ́ ẹni: ẹ tẹ ọwọ́ wálẹ̀ kó lè gòkè. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni mo fi ṣe é, ní gíga tó tó kí n lè ṣe àṣìṣe kan kí n sì tún un ṣe. Ọjọ́ tí mo fi í yí pápá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìdojúdé láìbà á jẹ́, mo jókòó sórí koríko, mi ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, èmi ni mo yà á. Mo mú ìṣirò tí mo sọ, mo mú ara pẹlẹbẹ irú ti Aldrich, mo sì fún un ní apá tó fẹ̀ tó nípọn, tí mo fi egungun balsa ṣe, tí mo fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Babe Bee tí mo ti ní láti ìgbà pípẹ́ ló wà ní imú rẹ̀. Tee Dee, ẹ́ńjìnnì Cox mìíràn tó ń yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wà nílé nínú àpótí. Mo gbé e sí i lẹ́ẹ̀kan. Bàlúù náà sáré, ariwo rẹ̀ pọ̀, òkìtì rẹ̀ kò kéré sí i. Mo yọ ọ́.

Apá kejì ọ̀rọ̀ mi ni okùn. Bí okùn bá dẹ̀, ẹ ò ní ìrù mọ́, ẹ ò ní nǹkan kan, bàlúù ti di òkò. Ohun tó ń mú okùn le ni pé bàlúù ń sáré yí yín ká, ó ń fẹ́ já lọ. Gíráàmù 160, ní kìlómítà 54 ní wákàtí kan, lórí okùn mítà 10: ó ń fà mí bíi gíráàmù 365. Ó ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìyípo kan á gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 4 lé díẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bó bá gun òkè orí mi, ìwọ̀n rẹ̀ ń fà á padà sọ́dọ̀ mi. Bí ìyára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ dé kìlómítà 36, ohun tó ń fà síta àti ohun tó ń fà wálẹ̀ á dọ́gba, okùn á sì dẹ̀ tẹ́ẹ́. Bàlúù sì máa ń dínkù ní ìyára nígbà tó bá ń gòkè. Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Ìyípo tó bá ti ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 6 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀, ẹ má gbé bàlúù yẹn kọjá òkè orí yín. Níbi okùn yìí ni ẹ́ńjìnnì ti wúlò. Ó ń fún yín ní ìyára tó tó láti mú okùn le. Bó bá ti tó, ó tó.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ràn án lọ́wọ́. A máa ń yí imú ẹ́ńjìnnì síta díẹ̀, a máa ń fi òjé tàbí owó irin kékeré sí etí apá ọ̀tún, kí ìwọ̀n okùn má bàa fa apá òsì wálẹ̀. A máa ń jẹ́ kí wáyà jáde ní ẹ̀yìn díẹ̀ sí ibi tí bàlúù ti dọ́gba, kí imú rẹ̀ lè máa wo ìta. Ibi ìdọ́gba náà gbọ́dọ̀ wà níwájú. Bàlúù tí ìrù rẹ̀ wúwo kò ní pẹ́ láyé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Okùn fúnra rẹ̀: wáyà irin tí kò nípọn ju 0.3 mílímítà lọ ni mo ń lò. Okùn Dacron dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, torí kì í ká bí wáyà, ṣùgbọ́n ó nípọn, afẹ́fẹ́ ń mú un, ó sì máa ń nà. Bàlúù kékeré kò ní agbára tó máa fi fa okùn tó nípọn kiri.

Bí okùn bá dẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ má fa ọwọ́ lásán. Ẹ fẹsẹ̀ sá sẹ́yìn, kíá, kí gbogbo ara yín fà á. Mo ti gba bàlúù mẹ́ta là báyìí. Ìkẹrin, mo dúró, mo ń ronú. Ó kọjá létí mi, ó sì wọ ilẹ̀ dé ìdí apá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kàn án, ẹ gbé òṣùwọ̀n sórí tábìlì yín. Igi balsa kì í ṣe ọ̀kan. Pátákó méjì tó dọ́gba ní gígùn àti ní fífẹ̀, ọ̀kan lè wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ojú lásán kò sì ní fi í hàn yín. Ẹ wọn gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí i lára pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ẹ fi èyí tó fúyẹ́ jù ṣe ìrù. Gíráàmù kan ní ìrù ń béèrè gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta ní imú kí bàlúù tó dọ́gba, torí ìrù jìnnà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù ṣòfò. Ọ̀dà náà wúwo: mo mọ ẹnì kan tí bàlúù rẹ̀ fò dáadáa nígbà tí kò tíì kùn ún, tó wá kùn ún lẹ́ẹ̀marùn-ún kó lè dán, bẹ́ẹ̀ ni òkìtì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí apá bá lọ́, ẹ fi ooru omi gbígbóná rọ̀ ọ́, ẹ yí i padà, ẹ dì í mú títí á fi tutù.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kò gùn. Bàlúù kékeré kò fẹ́ afẹ́fẹ́ líle. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, ibi tó ń fẹ́ lọ ni kí ẹ ti jọ̀wọ́ bàlúù, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti máa ta òkìtì, kí afẹ́fẹ́ lè máa tì í síta, kí okùn lè máa le. Bí ẹ bá ta òkìtì ní ibi tó ti ń wá, á tì í bá yín.

Èyí tó kàn, mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó wà níhìn-ín gbé ojú sókè kó wò mí. Wáyà irin lẹ ń di mú. Bí wáyà yín bá sún mọ́ wáyà iná ìjọba, ẹ̀mí ló ń lọ yẹn, kò sí àtúnṣe. Wáyà iná kò ní láti kan tiyín kó tó pa yín. Pápá tí ẹ bá ti ń rí òpó iná nítòsí, ẹ ká okùn yín, ẹ wá ibòmíràn. Bí ààrá bá ń sán lókèèrè, ẹ ká a. Ẹ so okùn aṣọ kan láti háńdù, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń di okùn mú, mọ́ ọrùn ọwọ́ yín, kí bàlúù má bàa já lọ bí háńdù bá bọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú òbìrìkìtì nígbà tí bàlúù bá ń fò, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú tó.

Wọ́n bi mí lẹ́nu ọ̀nà nípa mọ́tò oníná. Ó dára. Kò ní epo, ariwo rẹ̀ kò pọ̀, kò ní òróró tó ń ta sí aṣọ, agbára rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ilé yí pápá rẹ̀ ká, òun ni kó lò. Bátìrì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ gbé sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó rà á, torí gbogbo ìṣirò àpótí tí mo ṣe fún yín kò yí padà. Èmi ṣì fẹ́ràn ohùn oyin yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín, àti òórùn kásítọ̀ tó ń wà lára aṣọ mi títí di ọjọ́ kejì.

Mo rí i láti ojú fèrèsé pé àwọn ewé igi ti dúró. Mo ti na okùn sílẹ̀ lórí pápá láti àárọ̀, mo sì ti fi agbára fà á wò lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá jáde, kí gbogbo yín dúró lẹ́yìn okùn funfun tí mo nà yẹn. Èmi á kọ́kọ́ wà á, màá ta òkìtì mẹ́ta ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ẹ wo bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe máa kéré tó. Lẹ́yìn náà, PT-19 wà nínú mọ́tò mi, rọ́bà rẹ̀ tuntun ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tò. Màá dúró sẹ́yìn yín, màá fi ọwọ́ mi bo tiyín lórí háńdù fún ìyípo mẹ́ta àkọ́kọ́.